Ìmọ́lẹ̀ Inú Èèpo Obì

Òjò àrọ̀kúrò ni ó jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò ńlá. Ó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí páànù, á dá dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun ń lọ tàbí òun ń bọ̀. Kùrukùru bo ojú títì tí ó lọ sí Ọ̀rà, ó sì bo ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí òkìtì èèpo obì tí ó wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, òórùn tútù bíi ti ewé tí ó ti rà díẹ̀. Mo wọ bùbá funfun mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo fi ìborùn bo èjìká, mo sì jáde.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ti jí ṣáájú mi. Ó jókòó lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ìkòkò iyanrìn tí a gbé ka orí ààrò láti àná. Iná ti kú lábẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò náà. Mo ní kí ó tú u. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti tutù dénú. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Mo mọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ gbé e wá fún mi nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, inú yàrá obì ni ó sì máa ń sùn lọ́sàn-án láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ tutù, kò sì sí eṣinṣin. Láti kékeré, bí nǹkan bá ń bà á lẹ́rù, kì í sunkún. Ńṣe ni ó máa ń wá ohun tí yóò fi falẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà. Yunifásítì ni ọmọ yìí wà, ó ti dé ọdún àṣekágbá, kẹ́místírì ni ó ń kọ́. Kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n jáde, oníkálùkù wọn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì fi han olùkọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó mú ohun tí àwọn èèyàn ń dà nù, kí ó sọ ọ́ di èédú tí ó kéré débi pé ojú kò lè rí i, kí èédú náà sì máa tàn. Ó ti ṣe é nílé ìwé, kò tàn. Iná mànàmáná lọ kí ó tó jinná. Ó tún un ṣe, ó jinná, omi dúdú lásán ni ó rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se é níbẹ̀ bàjẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé bí kò bá rí nǹkan kan mú wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ, kí ó dúró de àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí ó fi gun ọ̀kadà wọ àgbàlá mi nínú òjò, tí ó gbá báàgì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní èèpo obì ni òun bá wá. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Obì ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo ń là á, mo ń bó o, mo ń fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún un títí àwọn oníbàárà yóò fi dé. Èèpo líle tí ó bo obì, kò sí ẹni tí ó ń béèrè rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ilé ni a ń kó o dà sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó dé, bí ó ti ń jẹun, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ràn.

“Màmá, bí èyí náà ò bá tàn, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Màá jókòó tì yín níbí, màá máa bá yín bó obì.”

Mo ní, “Obì tèmi ò fẹ́ ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn. Jẹun tán, kí o lọ wá ibi tí odó wà.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a yan èyí tí ó ti gbẹ nínú èèpo náà, a gún un, a kù ú. Ó pò ó mọ́ omi, ó sì rọ ọ́ sínú ìkòkò irin kékeré kan tí ó gbé wá, tí inú rẹ̀ funfun bí eyín, tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláyìípo. Ó ní ooru tí yóò se é gbọ́dọ̀ ju ti omi híhó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ máa lọ sókè máa bọ̀ nílẹ̀. Ibi tí a ti ń rò ó ni ọkàn mi ti lọ sí bí a ṣe ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn. Iyanrìn kì í kánjú gbóná, kì í sì í kánjú tutù. A da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, a ri ìkòkò kékeré náà mọ́ àárín rẹ̀, a koná èédú sábẹ́ rẹ̀. Ó ti irin kan tí ó ń ka ooru bọ inú iyanrìn. Òun ń kà, èmi ń fa èédú. Bí ó bá ní ó ń lọ sókè, mo fà á jáde. Bí ó bá ní ó ń bọ̀ nílẹ̀, mo tì í wọlé. Bí a ṣe lo ọjọ́ náà nìyẹn, àti oúnjẹ ọ̀sán àti ìtàn.

Ìyàwó ilé wa kan tí ó wá bu omi dúró wò wá títí.

“Ìyá, àgbo kí ni ẹ ń sè fún ọmọ tó ga tó báyìí?”

Mo ní àgbo ìmọ́lẹ̀ ni. Ó ní tí ó bá jinná kí a bu díẹ̀ fún àwọn oníná, pé ara wọn kò yá láti ìgbà tí òun ti wọ ilé yìí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn, nítorí n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé.

Mo bi í bí èédú yóò ṣe máa tàn láìsí iná lára rẹ̀. Ó ní kí n mú èédú kan ní ọkàn mi, kí n fọ́ ọ, kí n mú ẹyọ kan nínú ohun tí ó fọ́, kí n tún fọ́ ìyẹn, kí n máa bá a lọ títí ọkàn mi yóò fi rẹ̀. Ó ní ibi tí ọkàn mi bá ti rẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀. Èyí tí ó bá wá kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa kò rí. Yóò gba ìyẹn wọlé, yóò sì fi èyí tí a lè rí jáde. Mo ní ó dára, ìgbà tí mo bá rí i ni màá mọ̀.

Nígbà tí ó yá ní àárọ̀ òjò àrọ̀kúrò náà, ó hú ìkòkò kékeré náà jáde nínú iyanrìn, ó sì tú u. Omi inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí, àwọn ìdàrọ́ dúdú, ìyẹn ẹ̀rún tí kò yọ́, wà nínú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ṣúgà tó jóná. Kí a sẹ́ ẹ ni ó kù. Bébà asẹ́ tí ó kó bọ̀ láti ilé ìwé ni òjò pa mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ọ̀kadà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó gbẹ kù. Kò fẹ́ kí ìdàrọ́ yẹn dí i lójú. Ó ní ká ní a rí nǹkan tí a lè fi kọ́kọ́ sẹ́ ẹ.

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Aṣọ funfun tí mo fi ń sẹ́ ògì, mo ti fọ̀ ọ́ láàná, mo sì tún fọ̀ ọ́ kí a tó sùn, torí iṣẹ́ ọmọ mi ni, n kò fẹ́ kí ẹ̀gbin ògì kan án. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni mo bù lé e, mo sì bù ú dáadáa. Ó funfun bí ìyẹ́ lékèélékèé. Mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ní, “Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi.”

Ó sẹ́ omi náà sínú ìgò kékeré títí ìgò fi kún, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù nínú ìkòkò irin. Lẹ́yìn náà ni ó gbé omi òjò tí ó fi abọ́ gbè láàárín àgbàlá. Kò jẹ́ kí n bu ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ní páànù wa ti dípẹtà, ìpẹtà sì ni ọ̀tá ohun tí òun ń ṣe. Ó sẹ́ omi òjò lásán náà nínú aṣọ kan náà, ó rọ ọ́ sínú ìgò mìíràn. Mo bi í kí ni ti omi lásán. Ó ní gbogbo ohun tí ojú ọ̀kan bá rí ni ojú èkejì gbọ́dọ̀ rí, kí òun má baà tan ara òun jẹ.

A wọ yàrá obì, mo sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, torí obì kò fẹ́ oòrùn. Ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń mọ ayédèrú owó, tí iná rẹ̀ pọ́n bí àlùkò. Ó tàn án sí ìgò èèpo obì.

Ó tàn. Ó tàn búlúù, ó mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó di ìgò náà mú.

Ọmọ náà gbé ìgò sílẹ̀. Ó dì mọ́ mi, mo sì ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, èyí tí n kò fi pè é mọ́ láti ìgbà tí ó ti wọ yunifásítì, torí mo rò pé ó ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ó dáhùn bí ó ṣe máa ń dáhùn nígbà tí ó wà ní kékeré.

Ó wá ní ó ku ẹyọ ohun kan. Ó ti rẹ àwọn ìṣó tó dípẹtà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti dé. Tí ó bá kán omi ìṣó náà sínú ìgò, ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ náà máa kú lọ. Ìwúlò iṣẹ́ náà nìyẹn, ó ní: ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá irin wà nínú omi kànga rẹ̀, ìgò yìí ni yóò sọ fún un.

Ó kán an. Ìmọ́lẹ̀ náà ń tàn. Ó tún kán an. Ó ń tàn síbẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Mo ní bóyá ó lágbára ni. Ó yí tọ́ọ̀ṣì sí ìgò omi òjò lásán, ìyẹn náà sì ń tàn. Ó tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti èèpo obì lọ.

Ó yíjú sí mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ń wo àyà mi.

“Màmá,” ó ní, “bùbá yín ń tàn.”

Mo wo ara mi. Bùbá funfun mi ń tàn nínú òkùnkùn, láti ọrùn dé ọwọ́, bí ẹni pé wọ́n fi òṣùpá rán an. Ó tan iná sí aṣọ ògì tí ó wà léjìká rẹ̀, ìyẹn mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ó bi mí irú ọṣẹ tí mo fi fọ̀ ọ́, mo sì sọ fún un. Ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ obì, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà ní àárín ọ̀nà. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn tí wọ́n ń ṣe ọṣẹ náà máa ń fi nǹkan kan sí i tí ń mú kí funfun túbọ̀ funfun lójú oòrùn. Nǹkan náà ni ó dúró sára aṣọ, òun ni ó sì bá omi wọ inú ìgò méjèèjì.

Mo ní, “Èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́.”

“Ẹ ò bà á jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ jù ni.”

Ṣùgbọ́n ó ti ń kó àwọn ohun èlò rẹ̀ sínú báàgì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ rẹ̀, kò sì sí àyè láti tún mú iyanrìn gbóná ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí ó sì tutù. Ó ń kó wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó ń falẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ti ti báàgì náà, kò ní tú u mọ́ láéláé.

Mo béèrè èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò irin, èyí tí kò kan aṣọ. Ó ní kò pọ̀, pé ìdàrọ́ rẹ̀ yóò dí bébà kan ṣoṣo náà pa kí ó tó kán tán. Mo ní ṣé kò lè tòrò ni. Bí mo bá sẹ́ ògì tán, n kì í bá èyí tó wà nísàlẹ̀ jà. Màá fi í sílẹ̀ kí ó rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, màá sì rọra da omi orí rẹ̀.

Ó wo ìkòkò irin náà. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ògì kọ́ nìyí. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ìdàrọ́ ńlá yóò rẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tí òun ń wá kì í rẹlẹ̀ láé, wọ́n kéré jù, inú omi ni wọ́n máa ń wà lọ. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

Ó fi omi òjò ṣan ìgò tuntun, ó ṣan án títí, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó kí ó tó da ìyókù omi náà sínú rẹ̀. A gbé e sórí pèpéle nínú yàrá obì. Mo lọ bọ́ bùbá mi, mo wọ àdìrẹ mi àtijọ́ tí n kò fi nǹkan fọ̀ rí ju omi èérú lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi, n kò tàn mọ́, ó sì ní, “Ẹ kú oríire, Màmá, ẹ ti kú báyìí.” Mo ní ẹnu rẹ ni yóò kú, ìwọ ọmọ yìí.

A jókòó bó obì. Kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà, èékánná rẹ̀ ń ká èèpo funfun fẹ́lẹ́ tí ó wà lábẹ́ èyí líle kúrò láìha ojú obì. Ó ń yọjú wo ìgò lóòrèkóòrè, mo sì ń sọ fún un pé ìyá kan kì í jí ọmọ tó ń sùn wò. Òjò dá. Oòrùn là díẹ̀ lórí páànù. Mo fẹ́ sọ fún un pé bí kò bá tàn pàápàá, àyè wà fún un lọ́dọ̀ mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ ní àsìkò yẹn.

Ní ọ̀sán, ìdàrọ́ náà ti sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó rọra da omi orí rẹ̀ sínú bébà, kò mí títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Omi náà ń kán ní ìkán kọ̀ọ̀kan. Ó ti fi bébà kan náà sẹ́ omi òjò lásán ṣáájú rẹ̀, kò gbàgbé. Nígbà tí ó tó, a tún wọ inú yàrá obì, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ó kọ́kọ́ tan iná sí omi lásán. Ó ṣókùnkùn biribiri. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì.

N kò rí nǹkan kan. Mo rò pé ojú ogbó ni. Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo sún mọ́ ọn títí iwájú orí wa fi kan ara wọn, mo sì wá rí i. Kò tàn bíi ti ọṣẹ. Ó rọra ń tàn, búlúù tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí iná sítóòfù tí a rẹ̀ sílẹ̀ kí ọbẹ̀ má baà jóná. Èèpo obì tí mo ti ń kó dà nù láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ.

“Ẹ má sọ nǹkan kan o,” ó ní, bí ẹni pé ohùn wa lè pa á. Ó kán omi ìṣó sí i.

Ìmọ́lẹ̀ náà rẹ̀. Ó tún kán an, ó sì túbọ̀ rẹ̀, bí ojú ọmọ tí oorun ń kùn. Ó kán ọ̀kan sí i, òkùnkùn sì bo ìgò náà.

Mo ní, “Ó kú.”

“Ó kú, Màmá.” Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Ó kú.”

Ó ti fi díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò mìíràn tí kò kán nǹkan sí, ó sì gbé ìyẹn lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi náà ni mo se é, kí n dì í mú. Mo dì í mú, ó sì ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Mo rí i pé tí a bá gbé e síta lójú oòrùn, omi tíì lásán ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò dà á nù.

Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́. Olùkọ́ náà kò kí i kú iṣẹ́, ó kàn béèrè pé omi lásán ńkọ́. Ó ya ìyẹn náà ránṣẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ aṣọ ògì mọ́ ọn. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, a ti ń gúnyán. Ó ka èsì náà fún mi: kí ó kó gbogbo rẹ̀ bọ̀, kí ó má jẹ́ kí oòrùn pa á, kí ó sì kọ bí ó ṣe ṣe é sílẹ̀, títí kan ti aṣọ ògì. Mo bi í bóyá kò lè yọ ti aṣọ ògì kúrò. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀kadà tó dé, mo di àwọn ìgò náà bí mo ṣe ń di obì fún ọ̀nà jíjìn: ewé ní ìsàlẹ̀, ewé ní ẹ̀gbẹ́, ewé lórí, àti okùn tí kò fún un jù. Ó gbé e sí àyà, ó sì lọ. Mo dúró títí n kò fi gbọ́ ìró ọ̀kadà náà mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bu omi òjò tí ó ṣẹ́ kù nínú abọ́ àárín àgbàlá, mo fi fọ aṣọ ògì láìfi ọṣẹ kàn án, mo fún un, mo tún bu omi mìíràn, mo tún fún un, mo sì sá a. N kò fi sẹ́ ògì mọ́, mo fi pamọ́ de ọmọ mi, mo ní kí wọ́n bá mi ra òmíràn lọ́jà. Mo tẹ́ ẹní àtijọ́ sẹ́bàá òkìtì èèpo obì, mo jókòó lórí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí ó dára sọ́tọ̀ kí oòrùn tó mú.